Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Wà Lẹ́nu Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ́nu. Kí n kọ ọ́ síbí kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, torí ọwọ́ mi ti gbó nídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, ó mọ bí a ṣe ń yí gbólóhùn po títí ẹ̀ṣẹ̀ á fi dà bí àṣìṣe. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo gbọ́ ohun tó sọ, ó yé mi yékéyéké, mo sì sọ òdìkejì rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìwakùsà àti akọ̀wé rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Báyìí, eyín mélòó kan ló kù lẹ́nu tó parọ́ ọ̀hún.

Nínú iṣẹ́ wa, ògbufọ̀ kì í sọ pé "obìnrin yìí ní". Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ní "mo", ògbufọ̀ náà á ní "mo". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. O ti yá ẹni náà lẹ́nu. Títí ìjókòó á fi tú, o kì í ṣe ara rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lọ́jọ́ náà, nípàdé lórí odi tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ mọ, lórúkọ gbogbo àwọn ará ìsàlẹ̀, ó ní: "Ẹ lágbára jù wá lọ. Ẹ lè mọ odi yín. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́jọ́ iwájú pé mo gbà." Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo ní: "I consent."

Wọ́n mọ odi náà. Omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀sà, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí di olórí àwọn ògbufọ̀, tí wọ́n sì fún mi ní ilé tí mò ń gbé yìí, lórí òkè. Láti fèrèsé tí mo jókòó sí, mo ń rí òrùlé ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ lónìí ni pé Lọ́yà wá. Ọmọbìnrin ni, ilé-iṣẹ́ ló ń gbẹ́nu sọ fún, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Wọ́n fẹ́ gbé odi náà ga sí i. Ìgbìmọ̀ ìjọba máa jókòó lé e lórí lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bó bá jẹ́ pé tinútinú ni àwọn ará ìsàlẹ̀ fi yọ̀ǹda níjọ́ kìíní, ilé-iṣẹ́ lè máa kọ́ ọ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ fa omi ẹ̀yìn odi gbẹ, kí wọ́n sì kó àwọn èèyàn síbi tó dára. Gbogbo àwọn tó jókòó nípàdé ọjọ́sí ti kú tán, àfi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ á bi mí pé irú gbígbà wo ni wọ́n gbà," ó ní. "Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ bíi méje fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá kà á níwájú wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yín."

Mo ní màá ṣe é. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ bó ṣe ń lọ.


Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti ìdájí. Búrẹ́dì ti tún gbówó lórí, ó sì tún fúyẹ́ sí i. Mo sọ fún oníbúrẹ́dì pé afẹ́fẹ́ ló kù tó ń tà fún wa.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí "agree" torí òun ló rọrùn jù. Èèyàn méjì lè agree pé òjò rọ̀, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. "Concur" kò yàtọ̀ sí i púpọ̀, àmọ́ òun wọ táì: ti àwọn dókítà àti adájọ́ ni, èrò ọ̀kan pàdé ti èkejì lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fa ẹnì kankan. "Accede" ni ti ẹni tí wọ́n ti bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀, tó wá ní ó dáa. Ẹni tó jókòó sókè ló sábà máa ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ rí.

Ọwọ́ mi já gaara lórí ìwé. Ó dùn mí pé iṣẹ́ náà ń dùn mọ́ mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà yọ̀, mo di igi mú títí mo fi débẹ̀.

"Àbúrò! Ará òkè ń wá kí ará ìsàlẹ̀? Ṣé ìbò ti dé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá wo yín ni."

"Wò mí dáadáa. Mo ṣì lẹ́wà."

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni, ó ń sá aṣọ tó fọ̀ sórí àga nítorí ìta kò gbẹ. Aṣọ àwọn ẹlòmíì ló fọ̀ tó fi rán mi níléèwé nígbà tí àwọn òbí wa kú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun lẹ́yìn, ó hun jọ bí ẹni pé kò tíì kúrò nínú omi láti ìgbà náà. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ọwọ́ yìí ló rà á fún mi.

Ó gbé ife onígíláàsì kan sójú fèrèsé. Àràárọ̀ ló ń bu omi tó ń sun nídìí odi sínú rẹ̀, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tòní mọ́.

Kò-Séwu wọlé bá wa. Òun ni ilé-iṣẹ́ gbà láti máa ṣọ́ odi, ohun tó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé ló fi gba orúkọ. Mo bi í pé báwo ni omi.

"Bàbá, kò séwu. Odi ń làágùn ni. Èèyàn tó bá ń ṣiṣẹ́ á làágùn."

"Ìwọ ò làágùn rí," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Nígbà tó lọ, mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe wá lo ìgbà òjò yìí lọ́dọ̀ mi?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ ìsọkúsọ. "Ṣé o ti gbàgbé ni? Mo sọ fún wọn pé mi ò gbà. Ó wà nínú ìwé wọn, ìwọ lo bá mi sọ ọ́. Bí mo bá kó ẹrù mi jáde báyìí, wọ́n á ní, ‘Ẹ ò rí i, ó ti gbà nìyẹn.’ Títí mo fi wà níbí, mi ò tíì gbà. Àwọn ará ilé yòókù náà mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá lọ làwọn náà á lọ."

Mo wo ife náà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Kò dá.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

"Assent": wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wá, o mi orí. "Comply": wọ́n ní kí o ṣe é, o ṣe é, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ. Sójà ń comply. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà pàápàá, bó bá yá, á comply.

"Acquiesce" ló gba ọ̀sán mi. Ẹni tí kò fẹ́, tí kò sì lè jà, tó wá dákẹ́ tó jẹ́ kó rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ lẹ́nu, ó ń dún bí ẹni tó rọra ń ti ilẹ̀kùn. Mo rò ó fún wákàtí kan pé mo lè sá sábẹ́ rẹ̀. Mo lè sọ fún ìgbìmọ̀ pé bóyá "acquiesce" ló sún mọ́ ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, pé ìgbà èwe mi ni, pé òun àti "consent" jọra. Òfin á dáàbò bò wọ́n, èmi náà á sì bọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò dákẹ́. Ó dìde dúró, ó sì sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní ó dákẹ́, mo ti tún jí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kejì.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lọ́yà padà wá. Ó bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ka ohun tí mo ti kọ, ó rẹ́rìn-ín síbi táì. Ó dé ibi tí mo kọ "consent".

"Ẹ kà á sí mi létí, Bàbá."

Mo kà á: "Ẹni tó lè sọ pé rárá nìkan ló lè consent. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí ẹni tó jókòó tó lè sọ pé òun fẹ́ jókòó."

Ó tẹ bírò mọ́ ẹnu. "Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, sà. Èmi ò tíì délé ayé. Ṣé ilẹ̀kùn ṣí lọ́jọ́ náà?"

Ó béèrè tọkàntọkàn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé bí mo bá ní rárá, á kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò ń lu páànù. Mo ro ilé yìí, mo ro owó ìfẹ̀yìntì mi, mo ro àwọn ọmọ iléèwé ògbufọ̀ tí wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri. Mo ní: "Ó ṣí."

Ó dúpẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló kọ́kọ́ parọ́ náà, mo sì ti ń fi ọjọ́ orí bẹ̀bẹ̀ fún un láti ìgbà náà. Ta ni kó bẹ̀bẹ̀ fún ti òní?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò-Séwu ti kó ìyàwó rẹ̀ àti ìbùsùn rẹ̀ wá sórí òkè. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, mátíràsì wà lórí rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ṣé kò séwu?" mo bi í.

"Kò séwu, Bàbá," ó dáhùn lábẹ́ mátíràsì. "Ìyàwó mi ló ní òun fẹ́ afẹ́fẹ́ òkè."

Lẹ́yìn náà ló gbé mátíràsì náà kalẹ̀ sínú òjò, ó sún mọ́ mi. "Bàbá, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Omi tó ń sun nídìí odi ti yí padà. Tó bá mọ́, odi ló ń làágùn. Tó bá ti dọ̀tí, odi fúnra ẹ̀ ló ń jáde. Mo ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n dúró de ọjọ́ ìgbìmọ̀."


Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ. Ife ojú fèrèsé ti dà bíi tíì onímílíìkì. Ẹ̀gbọ́n mi kò dà á nù, ó gbé e síbi tí ẹni tó bá wọlé á ti rí i.

Mo sọ gbogbo nǹkan àfi òótọ́. Mo ní ẹsẹ̀ mi ń dùn mí, mo nílò ẹni tó máa bá mi se oúnjẹ. Ó ní kí n fẹ́yàwó. Mo ní ewu ń bọ̀. Ó ní òun ti rí i ṣáájú mi, àràárọ̀ lòun ń bù ú. Mo ní ẹ̀mí ju ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìwọ lo ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí ọ̀rọ̀ bọ́?" Ó ń pa aṣọ pọ̀, kò gbójú sókè. "Àbúrò, nǹkan tí mo ní láyé yìí kò pọ̀. Ilé yìí, òjò lè gbé e. Eyín mi ti lọ. ‘Rárá’ tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀gá yẹn nìkan ni kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní gbé e sílẹ̀ kí n máa sá lọ."

Mo la ẹnu. Aládùúgbò kan wọlé wá yá ìṣáná, mo sì pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò sùn. Ẹ̀rọ agbọ́hùnsáfẹ́fẹ́ ní òjò ṣì ń bọ̀.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti sọ fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó kọ̀, ó ní àga tutù. Nítorí náà orí ìdúró ló ti gbọ́ ọ, ọwọ́ kan lórí fèrèsé. Mi ò fi ohunkóhun yí i ká. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nínú ìwé wọn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ò gbà, mo sọ fún wọn pé ẹ gbà."

Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo rò pé kò gbọ́. Mo tún un sọ.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Kí lo sọ gan-an? Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Mo sọ ọ́.

"Ọ̀rọ̀ méjì péré?"

"Méjì ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo dúró, mo ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ìwọ wá sọ ọ̀rọ̀ méjì. Mo ń wò ọ́ lẹ́nu. Mo ń sọ nínú ara mi pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yìí mà mọ́ o, ó lè ká ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí sínú ìwọ̀nba díẹ̀. Inú mi dùn sí ẹ." Ó bojú wo ìta, níbi tí odi ti dí ojú ọ̀run. "Èmi ló sọ pé mo gbà, àbí? ‘Mo’ lo sọ. Kò kúkú jẹ́ ‘ó ní’."

"‘Mo’ ni mo sọ."

"Ogójì ọdún ó lé ni mo fi jókòó síbí, tí mò ń ṣọ́ nǹkan tí kò sí níbẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù, omi ti ń ti ìsàlẹ̀ wọlé. Mi ò mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti padà sídìí aṣọ tó ń pa pọ̀.

"Dìde. Òtútù á mú ọ, èmi ni wọ́n á tún ní kó wá tọ́jú ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sórí òkè, Ẹ̀gbọ́n."

"Sínú ilé tí wọ́n fi ẹnu mi rà?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Máa lọ. Sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má tì í."


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Kò-Séwu mú iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní wọ́n ní kí òun sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán òun, òun ò gbọ́dọ̀ yọ kúrò níbẹ̀.

"Ó ní: ‘Sọ fún àbúrò mi pé kó wá mú mi lọ́jọ́ ìgbìmọ̀. Kó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì nílò ògbufọ̀.’"

"Ṣé kò sọ nǹkan míì?"

"Ó ní kẹ́ ẹ fá irùngbọ̀n."

Mo pe Lọ́yà lórí fóònù. Mo sọ fún un pé mo parọ́ fún un lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, pé mi ò ní ka ìwé náà. Ó wá ní: "Bàbá, iṣẹ́ tiwọn ni mò ń ṣe. Mi ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà bá wá fúnra ẹ̀, mi ò ní dìde láti dá a dúró."

Odi ti lanu díẹ̀ lókè, lápá ọ̀tún. Láti fèrèsé mi, ó dà bí okùn dúdú tí wọ́n ta sórí rẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí ó tó ṣú.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ará ìsàlẹ̀ dúró sẹ́yìn, ẹsẹ̀ gbogbo wọn tutù fún omi dé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń dì mú ni tàbí ó ń dá mi dúró kí n má sá. Ó gbé ife ojú fèrèsé náà dání. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú Alága ìgbìmọ̀. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Alága pè mí kí n wá ka àlàyé mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ méje. Mo dìde. Mo sọ fún wọn ohun tí mo ṣe, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní gbólóhùn mẹ́ta, mo sì tún un sọ lédè wa kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní "Olè!" láti ẹ̀yìn, kò sì jẹ̀bi. Ọ̀gá tuntun ní ilé-iṣẹ́ náà ń wo Lọ́yà pé kó dìde. Lọ́yà ń kọ nǹkan sílẹ̀, kò dìde.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Alága bi mí pé: "Nínú àwọn ọ̀rọ̀ méje yìí, èwo wá ni ti ẹ̀gbọ́n yín?"

Mo ní: "Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Òun rèé. Màá ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá gbà mí láyè."

Ó gbà. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, sí apá òsì rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó fi ojú wá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ títí ó fi rí i, ó sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú: "Ẹ lágbára jù wá lọ. Ẹ lè mọ odi yín. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́jọ́ iwájú pé mo gbà."

Mo gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn tẹ̀lé gbólóhùn. Mi ò yọ ọ̀kan, mi ò fi ọ̀kan kún un. Nígbà tí mo dé "I do not consent", mo tún un sọ kí akọ̀wé lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo dúró títí bírò akọ̀wé fi dúró.

Alága ní kí akọ̀wé kà á padà. Ó kà á. Lẹ́yìn náà, Alága wo ife náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì bi Kò-Séwu, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pé báwo ni odi ṣe wà láàárọ̀ yìí. Kò-Séwu ṣí fìlà. Ó la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ, kò sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sẹ́yìn sí àwọn ará rẹ̀. "Ó ti wọ ìwé," ó ní. "Ẹ lọ kó ẹrù yín. Ẹ kó àwọn ọmọ ṣíwájú. Iléèwé orí òkè la máa sùn lálẹ́ òní."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Òun kò tíì kúrò níbi tó dúró sí. Ó gbé ọwọ́ funfun rẹ̀ lé apá kóòtù mi.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lo sọ?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. "Mo gbọ́ ọ. Ó gùn ju ti ọjọ́sí lọ."